Iná Tó Ní Ìwọ̀n Ni Ọ̀bẹ Ẹja Òkun Ń Fẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá mu. Wọ́n ń rọ àdá àti ọkọ́ tó yè kooro fún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n bí apẹja Ìlàjẹ tàbí Àgbádárìgì bá ní kí wọ́n rọ ọ̀bẹ tí òun yóò fi máa bọ́ ẹran ẹja kúrò lára egungun, omi iyọ̀ yóò dójú ti iṣẹ́ náà. Àwọn kan a ní ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni kò mọ́. Irọ́ ni.

Irin ni ìṣòro àkọ́kọ́. Sípíríǹgì ọkọ̀ àlòkù dára fún àdá, ṣùgbọ́n kírómíọ̀mù inú rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lọ. Irin tí kò ní tètè dógùn-ún gbọ́dọ̀ ní tó ìdá 10.5, ó kéré tán. Nígbà tí Harry Brearley ṣe irú irin bẹ́ẹ̀ ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1913, ìbọn ló ń wá irin fún. Ọ̀bẹ ni irin náà kọ́kọ́ sọ di olókìkí.

Ti àwòrán ọ̀bẹ kò ju agbára alágbẹ̀dẹ lọ. Ojú rẹ̀ yóò gùn, yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó lè máa tẹ̀ lé egungun ẹja. Fífẹ́lẹ́ irin ló ń mú un tẹ̀, kì í ṣe rírọ̀ rẹ̀: bí a bá dín nínípọn rẹ̀ kù sí ìdajì, yóò rọrùn láti tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Èkù rẹ̀ kò gbọdọ̀ mu omi, kò sì gbọdọ̀ yọ̀ lọ́wọ́ tí ọ̀rá ẹja ti kùn, nítorí ìka ọwọ́ ló ń san gbèsè èkù tó ń yọ̀.

Iná gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Alágbẹ̀dẹ ń fi ojú wo àwọ̀ irin sípíríǹgì, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó rì í bọ òróró. Irin oníkírómíọ̀mù kò gba irú ojú wíwò bẹ́ẹ̀. Ooru tó ń fẹ́ sábà máa ń wà ní agbègbè 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Bí ooru náà bá dín, ọ̀bẹ kò ní le. Bí ó bá pọ̀ jù, a bàjẹ́. Ẹwìrì àti èédú kò lè ṣe irú ìṣọ́ yẹn.

Ìdí nìyí tí ìwàásù pé kí aráàlú máa ra ọjà abẹ́lé kò fi tó. Ohun tó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní etíkun ṣe ni láti gbé iná ìléru oníná mànàmáná kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìdiwọ̀n ooru, kalẹ̀ níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ yóò ti máa san owó táṣẹ́rẹ́ lò ó. Lóòótọ́, ọ̀bẹ òkèèrè lè dín owó kù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún un pọ́n, ta ni yóò pààrọ̀ èkù rẹ̀, ta ni apẹja yóò bá sọ pé ojú rẹ̀ gùn jù?

Ọ̀bẹ náà yóò ṣì máa fẹ́ omi tútù àti aṣọ gbígbẹ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, nítorí kò sí irin tí iyọ̀ kì í dán wò. Ìyẹn di ọwọ́ apẹja. Iná tó ní ìwọ̀n di ọwọ́ àwọn aláṣẹ.