Bí Owó Ìrànwọ́ Bá Tán, Ta Ni Yóò Gbé Iṣẹ́ Ró ní Òkè-Ògùn?

Nígbà tí Amẹ́ríkà ti àjọ USAID pa ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìlera ní Áfíríkà ti dẹnu kọlẹ̀. Ẹ̀yin ará wa, ẹ má jẹ́ kí á wò ó bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Irú rẹ̀ ti kàn wá rí.

Láàárín àwọn ọdún 1980, Báńkì Àgbáyé yá ìjọba lówó fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè àgbẹ̀ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ṣakí, èyí tó padà di OYSADEP. Nígbà tí owó báńkì tán lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, owó ìjọba ìpínlẹ̀ kò tó o gbé. Epo ọkọ̀ wọ́n, àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́ sì dín kù.

Ẹ wá wo oògùn Mectizan, tí a fi ń gbógun ti àrùn tí kòkòrò etí odò ń kó ranni, tó ń fọ́ni lójú. Láti ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ti ń fi í tọrẹ. Àjọ APOC, tó ń ṣètò pínpín rẹ̀ láti 1995, kógbá sílé ní 2015, síbẹ̀ pínpín oògùn kò dúró ní Nàìjíríà. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ṣì ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ló fúnra wọn yan ẹni tí ń pín in, ọmọ abúlé kì í sì í bá àjọ lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí. Sàhábé Uthman bin Affan ra kànga Rumah ní Mẹ̀dínà, ó sì fi í ṣe wákàfù fún gbogbo ènìyàn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, kí á tó dúpẹ́, ẹ jẹ́ kí á béèrè: ta ni yóò máa tún un ṣe? Níbo ni a ó ti rí ẹ̀yà ẹ̀rọ rà? Owó wo ni a ó fi rà á? Jámáà lè fi ṣọ́ọ̀bù kan tàbí ilẹ̀ oko ṣe wákàfù, kí owó tó ń wọlé níbẹ̀ máa tún ẹ̀rọ ṣe, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, àwọn ìyá àti ọmọ wa ni yóò tún gbé garawa lọ sódò.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí sàdáká rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Àmín.