Ẹ Jẹ́ Ká Yéé Fi Ilẹ̀gbóná Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Oyigbo, láti Kom-Kom títí dé Afam, ni à ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dá lórí àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára, àti àìsàn kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí yẹpẹrẹ, ìyẹn chickenpox. Àwa tí a wà ní àyíká irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbà á là, a sì lè ṣe é ní jàǹbá láìmọ̀, nítorí àṣà bòńkẹ́lẹ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn baba wa kì í pe ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ. Wọ́n á ní ilẹ̀ ló gbóná, wọ́n á ní Olóde ni. Wọn kò jẹ̀bi, torí àrùn náà ń sọ ilé dahoro, ó sì ń fọ́ni lójú. Àmọ́ ṣọ̀pọ̀ná gan-an ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 1970 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí mọ́ níbikíbi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé e lọ. Chickenpox tó ń mú àwọn ọmọ wa lónìí, tí ara wọn ń yọ ròrò olómi tó ń yúnni, kòkòrò tirẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀ ilẹ̀gbóná la ṣì ń pè é, ìtìjú àtijọ́ la sì fi ń ti ọmọ mọ́ yàrá. Láti ọdún 2017 tí mpox ti tún yọjú ní Bayelsa àti ní Rivers níbí, ìbẹ̀rù ohun tí aládùúgbò máa wí ti pọ̀ sí i.

Ẹlòmíràn lè rò pé àgbàlagbà nìkan ni kíndìnrín ń yọ lẹ́nu. Ẹ rántí My Pikin, oògùn eyín ọmọdé tí májèlé wọ̀, tó ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́ ní 2008 sí 2009, tó sì pa ju 80 lọ nínú wọn. Bí kíndìnrín ọmọ bá kọṣẹ́ pátápátá, ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí i. Ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó ló kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà lọ́dún 2000, wọ́n sì ṣe é n'Ílé-Ifẹ̀ ní 2002. Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń gbé tiwọn lọ sí Íńdíà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ara máa ń mọ àlejò. Bí wọ́n bá fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí i, àwọn ọmọ ogun inú ara á dìde sí i. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi gbọ́dọ̀ máa lo oògùn lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ ogun yẹn lè rọlẹ̀. Àwọn kan náà ló sì yẹ kó bá chickenpox jà. Ọmọ tí ara rẹ̀ le á yún ara fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò gbẹ. Ní ti ọmọ tiwa yìí, àrùn náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó wọ ẹ̀dọ̀, kó wọ ọpọlọ, kó sì gbẹ̀mí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Dókítà Michiaki Takahashi ará Japan ló ṣe é ní 1974, Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọ wọn láti 1995. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ló yẹ kí ọmọ gbà á: ẹ̀ẹ̀mejì, láti ìgbà tó bá ti pé ọmọ ọdún kan, kí ìkẹyìn sì ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í parọ tó bá gbọ́n. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ kò lè gbà á mọ́. Àwọn onímọ̀ ti ń fún àwọn díẹ̀ tí ara wọn ti fìdí múlẹ̀, tí oògùn wọn sì ti dínkù, àmọ́ dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín náà ló ń pinnu, kì í ṣe oníkẹ́mísì.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: abẹ́rẹ́ yìí kò sí lára èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Káàdì ọmọ lè kún fọ́fọ́, kó má sì gbà á rí. Ilé ìwòsàn aládàáni ni wọ́n ti ń rà á. Bí ẹgbẹ́ wa bá ń dáwó fún ọmọ tó fẹ́ pààrọ̀ kíndìnrín, owó ọkọ̀ òfúrufú àti ti iṣẹ́ abẹ nìkan kọ́ ló yẹ ká kà. Ká ka owó abẹ́rẹ́ yìí mọ́ ọn, àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, torí bí gbogbo ará ilé bá ti ní ààbò, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á bá yọ nǹkan, kó jìnnà sí ọmọ náà títí yóò fi gbẹ.

Àwọn ìyá kan máa ń ní kí àwọn ọmọ jọ sùn pọ̀, kí gbogbo wọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, kó tán níbẹ̀. Ta ló mọ ẹni tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn máa bá jókòó ní kíláàsì lọ́la? Àrùn yìí ti ń ran ẹlòmíràn ní bí ọjọ́ kan sí méjì kí ara tó yọ nǹkan, kò sì dẹ́kun títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bí ọmọ tó pààrọ̀ kíndìnrín bá ti bá aláìsàn pàdé, ọjọ́ náà gan-an ni ká gbé e lọ bá dókítà rẹ̀, ká má dúró de ròrò. Oògùn wà tí wọ́n lè fi dáàbò bò ó, àmọ́ ọjọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ lórí rẹ̀. Láti Oyigbo dé ilé ìwòsàn ńlá fásitì ní Alakahia kì í sì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀ kan. Báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe máa tètè gbéra, bí a bá fi ti ọmọ tiwa pamọ́ fún un?

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Bí chickenpox bá mú ọmọ yín, ẹ sọ fún onílé, fún tíṣà, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún ilé kéú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ̀yin náà má sì sá fún ẹni tó bá sọ ọ́. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers náà bá wa pèsè abẹ́rẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn, torí wọn kò pọ̀ débi tí yóò fi ni ìjọba lára. Àwa kò bá wọn gbé e lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu wa ṣe èyí tó kàn wá.