GÌGÍSẸ̀ TÓ Ń DÙN YÍN KÌ Í ṢE IṢẸ́ AYÉ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dópin.

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ ní Badagry yìí pé: "Mo tẹ nǹkan lọ́jà Agbálátà, láti ìgbà náà ni gìgísẹ̀ mi ò ti jẹ́ kí n gbádùn." Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Tó bá jẹ́ oògùn lẹ tẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀ láàárọ̀ ló máa ń gún yín bí abẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀ yóò rọlẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọ̀tá yín máa ń lọ jẹun ọ̀sán ni?

Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Iṣan kan ló wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tó so gìgísẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Plantar fasciitis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn rẹ̀. Ẹni tó ń dúró ti ààrò ẹja látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tó ń ru àgbọn, ẹni tó sanra, ẹni tó ń fi sílípáàsì pẹlẹbẹ rìn lórí kọnkéré, ń fìyà jẹ iṣan yẹn. Lóru, iṣan náà á sún kì. Láàárọ̀, ẹ nà án lójijì, ó ké. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. Wọ́n á fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí gìgísẹ̀ ìyá àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Egbò ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná. Ó lè kẹ̀ títí wọn yóò fi gé ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á ra oògùn àpòpọ̀ inú ọ̀rá. Tí dexamethasone tàbí prednisolone bá wà níbẹ̀, ara á kọ́kọ́ yá, ṣùgbọ́n ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru á gòkè. Ẹ sì ṣọ́ra fún ciprofloxacin tí ẹ ń dá rà ní kẹ́místì: ó lè ba iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ jẹ́, àní ó lè já a, pàápàá lára ẹni tó ti lé ní 60 ọdún.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò wọ́n:

1. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ọwọ́ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, ẹ kà dé 10, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.
2. Ẹ fi aṣọ wé ike omi tó ti dì, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.
3. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tó sì rọ̀, kódà nínú ilé.
4. Ẹ wá àpótí jókòó nídìí ààrò.

Ẹ ní sùúrù. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń sàn láàárín ọdún kan láìṣe iṣẹ́ abẹ.

Tí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, tó bá wú tó sì gbóná, tí egbò bá wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ lọ rí dókítà lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lówó láti dá aṣọ ẹbí fún màmá, ẹ ò rówó ra bàtà tó dáa fún un. Ẹ ronú sí i.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ẹ ka èyí sétí ìyá tí kò lè kàwé.