Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìwé Yorùbá Sọnù Sínú Ilé Ìkàwé Yunifásítì

Bí ènìyàn bá sọ pé ìwé lè sọnù nínú ilé ìkàwé láìjẹ́ pé olè jí i tàbí pé iná jó o, àwọn kan yóò rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó ṣojú mi kòró.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì kan láti wá ìwé Yorùbá tó dá lórí irinṣẹ́ àgbẹ̀. A tẹ 'ọkọ́' sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kò sí. A yọ àmì kúrò, a tẹ 'oko', ni ìwé rẹpẹtẹ bá tú jáde: ti ọkọ àti aya, ti ọkọ̀, ti iṣẹ́ oko. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ bákan náà. Inú wọn ni a ti ń wá ọkọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láyé àtijọ́, orí káàdì pélébé ni wọ́n ń kọ orúkọ ìwé sí, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé àti nọ́ńbà tó ń tọ́ka pẹpẹ tí ìwé náà wà. Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀kan nínú ètò nọ́ńbà wọ̀nyí jáde ní 1876. Nínú rẹ̀ lónìí, 496.333 ni ti èdè Yorùbá, 896.333 sì ni ti lítíréṣọ̀ wa. Èdè wa ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ káàdì báyìí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ń lo Koha, ètò ọ̀fẹ́ tó kọ́kọ́ jáde ní New Zealand ní 2000. A kò lè sọ pé owó ni kò jẹ́. Kọ̀ǹpútà òde òní lè kọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹni tó jókòó tì í ni kò kọ ọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹ àmì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àyè wà nínú àkọsílẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan fún orúkọ kejì. Kí wọ́n kọ àkọlé pẹ̀lú àmì sí àyè àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ èyí tí kò lámì sí ìkejì. Ọ̀nà yòówù kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà, yóò bá ìwé náà.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Bí àkọlé bá ṣe wà nínú ìwé ni òfin iṣẹ́ wọn ní kí wọ́n dà á kọ. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá tẹ ìtàn ìlú wọn láìfi àmì sí orúkọ baálẹ̀ àti ti àdúgbò, báwo ni àjèjì ṣe fẹ́ mọ̀ wọ́n pè? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin àgbà wa, bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé, ẹ fi àmì sí àkọlé rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Bí ẹ bá sì fún yunifásítì ní ẹ̀dà kan, ẹ ní kí ọmọ yín tó wà níbẹ̀ wá a lórí kọ̀ǹpútà wọn. Bí kò bá rí i, kó fi tó wọn létí.