Ìdána, Alárédè àti Májẹ̀mú Onígbàgbọ́

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá pé ìdána kì í ṣe ìgbéyàwó. 'Ẹ̀ńgéèjìmẹ́ǹtì' ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ìlérí lásán ni. Lójú wọn, tọkọtaya tí ẹbí so pọ̀, tí wọn kò dé iwájú pẹpẹ, inú ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Èrò yìí kò bá èdè wa mu, kò bá Ìwé Mímọ́ mu, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ìtàn ìjọ mu.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí èdè bẹ̀rẹ̀. 'Dá' àti 'àna' ni ó bí 'ìdána': ẹbí méjì ti di àna ara wọn. Àwọn baba wa kò sì fi ipá so ọmọ wọn mọ́ ọkùnrin kí wọ́n tó pè é ní àṣà tí ó pé. Ìdí nìyí tí èdè wa fi ní ọ̀rọ̀ náà 'ìjọ́hẹn'. Ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ jẹ́ hẹn. Bí ó bá ti jẹ́ hẹn, tí a gba obì, orógbó, ataare àti oyin, tí àwọn òbí súre, tí a sì sin ín dé ilé ọkọ, kí ni ó kù?

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 24. Ìránṣẹ́ Ábúráhámù kó wúrà àti aṣọ fún Rèbékà àti àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè bóyá yóò lọ. Ó jẹ́ hẹn. Wọ́n súre fún un. Ísáákì mú un wọ àgọ́ ìyá rẹ̀, ó sì di aya rẹ̀. Àlùfáà dà níbẹ̀?

Títí di ọdún 1563, tí ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì ní Trent fi òfin dè é, ìjẹ́hẹn tọkùnrin tobìnrin ni ìjọ Ìwọ̀-oòrùn kà sí ohun tí ó sọ wọ́n di tọkọtaya, ìbáà má sí àlùfáà níbẹ̀. Ṣé alágbèrè ni gbogbo wọn?

Ọdún 1884 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe Òfin Ìgbéyàwó fún ìlú Èkó, tí ó sì gbé alárédè ga. N kò kẹ́gàn òfin náà. Ó fún opó àti ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ nínú ogún tí àṣà wa kò fún opó. Ṣùgbọ́n ààbò òfin ni èyí. Kì í ṣe ìtumọ̀ ìgbéyàwó nínú Kírísítì.

Àwọn kan yóò ní ìdána gba ìkóbìnrinjọ láàyè. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ẹ̀sìn Kírísítì fi kún ìdána kì í ṣe aṣọ funfun tàbí àkàrà òyìnbó. Ẹrù ni, ọkọ ni a sì gbé e rù. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Éfésù pé kí ọkọ fẹ́ràn aya rẹ̀ bí Kírísítì ti fẹ́ràn ìjọ, tí ó fi ara rẹ̀ lélẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tí ó béèrè irú èyí lọ́wọ́ ọkọ Yorùbá rí. Lóde òní, ìwàásù ọjọ́ ìgbéyàwó a máa pẹ́ lórí ìtẹríba aya, a sì máa sáré kọjá lórí ẹrù ọkọ.

Ọjọ́ àìrọ́mọbí ni a ń dán májẹ̀mú wò. Ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó kò sọ pé 'bí o bá bímọ fún mi'. Síbẹ̀ ọkùnrin tí ó gbé ìyàwó alárédè yóò fi í sílẹ̀ sílé, yóò lọ bímọ síta, ẹbí yóò pàtẹ́wọ́, ìjọ yóò sì fún un ní ìjókòó iwájú nítorí pé ó ní ìwé ẹ̀rí. Ọkùnrin kejì ṣe ìdána nìkan. Aya rẹ̀ kò bí, ó sì dúró tì í di ọjọ́ ogbó. Òun ni a ń fi oúnjẹ Olúwa dù. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ó pa májẹ̀mú mọ́? A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa kò pọ̀. Ẹ wá sí ìdána, kí ẹ gba ẹ̀jẹ́ níbẹ̀, kí ẹ súre, kí ẹ sì pè é ní ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bi ọkọ léèrè lọ́dọọdún bóyá ẹrù rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.