Ọkọ̀ Tí Kò Dé Odò Rí

Ọ̀rọ̀ kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn ahunṣọ jọ ń lò, ṣùgbọ́n tí ó ti ń ṣàjèjì létí ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ náà ni ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ lọ sí ọjà ni mo ń wí o. Ọkọ̀ ìhunṣọ ni.

Kí ni ọkọ̀ ìhunṣọ? Igi kékeré kan ni, tí ọwọ́ kan lè gbá mú. Orí rẹ̀ méjèèjì rí ṣóńṣó, wọ́n sì gbẹ́ inú rẹ̀ jìn. Inú rẹ̀ yìí ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká òwú sí máa ń wà. Bí ahunṣọ bá jókòó nídìí òfì, òwú gígùn tí a ta sílẹ̀ yóò nà lọ níwájú rẹ̀. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀, apá kan òwú náà yóò gòkè, apá kejì yóò lọ sílẹ̀, àlàfo yóò sì là láàárín wọn. Àlàfo yìí ni ó ń ju ọkọ̀ gbà, láti ọ̀tún sí òsì, láti òsì sí ọ̀tún. Bí ọkọ̀ ti ń lọ ni òwú inú rẹ̀ ń tú sílẹ̀. Báyìí ni àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Ìlọrin ṣe ń hun ètù, sányán àti àlàárì, ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ó wá rán pọ̀ di agbádá tàbí ìró.

Àwọn kan a máa jiyàn lórí orúkọ yìí. Wọ́n á ní, “Ṣebí jíjù ni a ń jù ú? Ọ̀kọ̀ ogun ni orúkọ rẹ̀ ti wá.” Iyàn náà kì í ṣe iyàn òmùgọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, inú ọ̀rọ̀ wọn àtijọ́ tí ó túmọ̀ sí ọfà ni wọ́n ti mú orúkọ tí wọ́n ń pè é. Jíjù ni àwọn wò.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ohùn. Bí a bá pe ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, ohùn lọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá pe ọkọ̀ ahunṣọ, ohùn ìbẹ̀rẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Bákan náà ni pẹ̀lú ọkọ̀ apẹja. Ẹ tún wo ìrísí rẹ̀: igi kan ṣoṣo tí a gbẹ́ inú rẹ̀, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí ó sì ń ru ẹrù láti èbúté kan dé èkejì. Òwú ni odò rẹ̀, òwú náà sì ni ẹrù rẹ̀. Àwa nìkan kọ́ ni a rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní ọkọ̀ kékeré ti ahunṣọ. Orúkọ tí àwọn Faransé fún un, navette, inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi ni ó ti wá. Àwọn Lárúbáwá ní tiwọn ń pè é ní makkūk, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ohun èlò kan tí a fi ń bu omi láyé àtijọ́.

Bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ náà tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ̀ ojú omi, títù ni a ń tù ú. Ibẹ̀ ni atukọ̀ ti wá. Ọkọ̀ ilẹ̀, wíwà ni a ń wà á. Ibẹ̀ ni awakọ̀ ti wá. Nígbà tí ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn bàbá wa kò wá orúkọ lọ jìnnà: ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n pè é. Ọkọ̀ ahunṣọ nìkan ni a ń jù tí kì í fọ́.

Ẹ lè wí pé, kí ni èrè mímọ èyí? Èrè rẹ̀ pọ̀. Bí ahunṣọ kan bá kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Ẹ bá mi ra oko meji,” tí kò fi àmì sí i, ọkọ́ ìroko ni ẹ̀gbọ́n lè rà wá. Bí ó bá sì jẹ́ obìnrin ni ó kọ̀wé, ilé lè dàrú! Èyí tí ó tún wúwo jù ni ti iṣẹ́ ọwọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe yóò mọ̀ pé ó gbọdọ̀ dán, kí ó má sì ní ẹ̀gún kankan lára. Ẹ̀gún kékeré kan tó láti já òwú aṣọ ìyàwó tí ọjọ́ ti sún mọ́. Ta ni yóò san owó òwú? Ahunṣọ ni, láìjẹ̀bi.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá mú ọmọ lọ sí ìdí òfì, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì pè é bí ó ti tọ́. Ọmọ tí kò mọ orúkọ irinṣẹ́, nǹkan mìíràn ni yóò gbé wá nígbà tí ọ̀gá bá nawọ́.