Ṣé Akọ̀ròyìn Tó Lọ Ṣe Ìwádìí Òfin Ti Ta Gègé Rẹ̀ Ni?

Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Rumuokwuta àti agbègbè rẹ̀, bí a bá ti gbọ́ pé akọ̀ròyìn kan gba iṣẹ́ ìjọba, ohun tí a máa ń wí ni pé ó ti ta gègé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé wáyé. Gbogbo wa la mọ irú akọ̀ròyìn tó di agbẹnusọ, tó wá ń fọ ọ̀gá rẹ̀ mọ́ bí ẹni ń fọ agbádá funfun. Ṣùgbọ́n a kò gbà pé bákan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀tọ̀ ni agbẹnusọ, ọ̀tọ̀ ni olùwádìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Waziri Adio. Akọ̀ròyìn ni, ó ṣiṣẹ́ ní ThisDay. Ní ọdún 2016 ni wọ́n fi í ṣe akọ̀wé àgbà NEITI, àjọ tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀ láti máa yẹ ìwé owó epo rọ̀bì wò, kó sì máa fi í han aráyé. Ọdún 5 ló lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá Agora Policy sílẹ̀, ilé ìwádìí lórí ìlànà ìjọba.

Kí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe tí ìwé ìròyìn nìkan kò lè ṣe? Ní 1993, ìjọba bá àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ṣe àdéhùn lórí epo inú òkun jíjìn. Epo kò lówó lórí nígbà náà, a sì ń wá ẹni tí yóò náwó sínú òkun, nítorí náà a fi ìpín tó sàn lé wọn lọ́wọ́. Òfin 1999 ní bí àgbá epo kan bá kọjá 20 dọ́là, kí a tún un pín. Ó kọjá 20. Ní oṣù Keje 2008, ó kọjá 140! Kò sẹ́ni tó tún nǹkan kan pín. Ní 2019, tí Adio wà lórí àga, NEITI jókòó ti ìṣirò, wọ́n sì gbé e jáde pé láàárín 2008 sí 2017, ohun tí Nàìjíríà pàdánù lé ní bílíọ̀nù 16 dọ́là, ó sì lè tó bílíọ̀nù 28. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin ọ̀hún. A kò sọ pé NEITI nìkan ló ṣe é, àwọn mìíràn ti ń pariwo tipẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo kò ní iye. Ìwé yẹn ní iye. (Owó tó ti lọ, ó lọ náà nìyẹn.)

Àwa tí a ń gbé Port Harcourt mọ ohun tí à ń wí. Láti ìparí ọdún 2016 ni eruku dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé aṣọ tí a sá sórí okùn. Àwọn akọ̀ròyìn kọ ọ́, wọ́n ya àwòrán àtẹ́lẹwọ́ dúdú, ìlú sì kà á. Ta ni yóò máa wọn afẹ́fẹ́ náà lójoojúmọ́, tí yóò ṣí ìwé òfin, tí yóò béèrè àjọ tó yẹ kó dáhùn?

Ohun kan ló ń kọ wá lóminú. Ẹni tó wọ ọ́fíìsì yóò rí ohun tí kò ní lè kọ. Adio kọ ìwé lórí ọdún 5 rẹ̀, The Arc of the Possible, ní 2021, lẹ́yìn tó ti jáde. Ọ̀pọ̀ ló ń jáde tí wọn kì í kọ nǹkan kan.

Ìwé NEITI ti 2019 yẹn kò ṣòro láti rí. A rọ ẹgbẹ́ wa pé kí a kà á pọ̀ ní ìpàdé, kí ẹni tó mọ ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ fún àwa tí a kò mọ̀ ọ́n, ní èdè Yorùbá.